Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ tó yan ìwé alàwòrán fún àwọn ọmọ wa

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa nínú ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé nínú ìjọ wa ní Èkìtì, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mi ò ní dárúkọ ìjọ wa síbí, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ ara yín, èmi náà mọ̀ yín. Ìkéré ni mo ti ń kọ̀wé. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, yàtọ̀ sí iṣẹ́ tíṣà tí mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa lóṣù tó kọjá ló fa èyí. Ẹ ní ká dá ìtàn Bíbélì tí à ń sọ fún àwọn ọmọdé ní Yorùbá dúró. Ẹ ní kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ra ìwé alàwòrán méjìlá tí ẹ kó wá láti òkè òkun, ká máa ka ọ̀kan lóṣù, kí gbólóhùn tó wà lẹ́yìn ìwé sì rọ́pò àkọ́sórí ẹsẹ Bíbélì. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Mo yẹ méjèèjìlá wò, gbólóhùn ẹ̀yìn wọn kò ju oríṣi méjì lọ: "Mo ṣe pàtàkì" àti "Kò sí ẹni tó dà bí mi". Ẹ ní yóò jẹ́ kí ọmọ níyì lójú ara rẹ̀, kí ojú má máa tì í láàárín ẹgbẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Mi ò rí èsì. Ó wá di dandan kí n sọ ọ́ síta, kí àwọn òbí tó máa sanwó ìwé wọ̀nyí lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń rà.

1. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, mo ra ìwé àkọ́kọ́, mo sì kà á fún wọn ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ẹ ṣí i sí ojú ewé kẹsàn-án. Ọmọkùnrin òyìnbó kan dúró níwájú dígí tó ga jù ú lọ. Yàrá tirẹ̀ nìkan ni: bẹ́ẹ̀dì kan, ìrọ̀rí kan, yìnyín ń já bọ́ lẹ́yìn fèrèsé. Kò sí ìyá, kò sí bàbá, kò sí àbúrò, kódà kò sí adìyẹ. Ó nàka sí ara rẹ̀ nínú dígí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run wà nínú ìwé náà o, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ojú ewé tó kẹ́yìn ló wà, ní ìlà kan ṣoṣo, níbi tí wọ́n ti sọ pé Ọlọ́run náà rò bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mẹ́tàdínlógún ló wà ní kíláàsì mi lọ́jọ́ náà. Bí méjì nínú wọn bá ní yàrá tirẹ̀, ó pọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń pe ilé ní "ulé", tí wọ́n ń pe iṣu ní "usu", kí wọ́n tó mọ̀ pé èdè kan ń jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ní kí wọ́n máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan ka gbólóhùn ẹ̀yìn ìwé. Ó kan ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún méje, tó ń kólòlò. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà tó ń ta èlùbọ́ ló ń gbé. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ há sí i lẹ́nu. Ó tún un mú, ó tún há. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná họ ọ̀dà ara bẹ́ǹṣì, kò sì gbójú sókè mọ́ títí agogo fi lù. Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó wá bá mi.

"Mà, ta ló ní mo ṣe pàtàkì?"

Mo ní, "Ìwé yẹn ni."

Ó wo ìwé náà lórí tábìlì. Ó ní, "Kò mọ̀ mí."

Mi ò rí ohun tí mo lè sọ fún un lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo ní kí ọmọbìnrin kan bá mi mú ìgbálẹ̀ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ká gba ilẹ̀ kíláàsì. Ó ní òun ṣe pàtàkì, kí n pe ẹlòmíràn. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ má bínú, ó pa mí lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Àmọ́ ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ ìsinmi ni ọmọ náà ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí dá òun lóhùn bí ó bá ti kan abọ́ fífọ̀.

2. Mi ò sọ pé ká máa tàbùkù ọmọ o. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ jẹ́wọ́, nítorí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ rí ni ẹ fi ń wá oògùn. Àwa àgbà olùkọ́ ti ba ọmọ jẹ́ púpọ̀. Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdí ìkòkò ni tíṣà mi máa ń pè mí nítorí pé mo dúdú. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ bí wọ́n bá ní ká ya fọ́tò, ẹ̀yìn ni mo máa ń lọ dúró sí. Ẹ ò rò pé èmi náà á ti kọ́gbọ́n? Mi ò kọ́ ọ. Èmi fúnra mi sọ fún ọmọkùnrin kan níwájú gbogbo kíláàsì pé orí rẹ̀ kò gbé ìwé, olódo ni. Kò padà wá lẹ́yìn ìsinmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, táyà ọkọ̀ tí mo wọ̀ jò ní Adó, nítòsí Ọjà Ọba. Ẹni tó ń lẹ táyà náà wò mí dáadáa, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, tíṣà mi." Mi ò lè wojú ẹ̀. Kò sì gba owó lọ́wọ́ mi.

Àwọn baba wa ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní. Nítorí náà, àìsàn tí ẹ rí, mo gbà pé òun ló wà níbẹ̀. Oògùn tí ẹ rà fún un ni mo ń bá yín jà lé lórí.

3. Ẹ ó sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọ méjì ni mo gbé wá ṣe ẹjọ́. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ ibi tí ìwé náà ti wá.

Kì í ṣe inú Bíbélì ni ọ̀rọ̀ pé ká máa gbin iyì ara ẹni sínú ọmọ ti ṣẹ̀. William James, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1890. Ní 1986, ìjọba ìpínlẹ̀ California gbé odindi ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lé e lórí. Ìrètí wọn ni pé bí àwọn ènìyàn bá níyì lójú ara wọn, ìwà ọ̀daràn, oògùn olóró àti oyún àwọn ọ̀dọ́mọdé yóò dínkù. Ìjábọ̀ wọn jáde ní 1990, ọ̀rọ̀ náà sì tàn káàkiri ilé ìwé wọn. Nígbà tó di 2003, Roy Baumeister, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá bíi ti James, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta kó iṣẹ́ ìwádìí jọ rẹpẹtẹ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Wọ́n rí i pé inú ẹni tó níyì lójú ara rẹ̀ sábà máa ń dùn, ṣùgbọ́n wọn ò rí ẹ̀rí pé bí a bá gbé iyì yìí ga sókè, ọmọ á tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀wé sí i.

Èyí tó kan ìwé yín gbọ̀ngbọ̀n ni ti 2009. Joanne Wood àti àwọn méjì mìíràn ní Kánádà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa tún un sọ fún ara wọn pé ẹni tó yẹ kí a fẹ́ràn ni àwọn. Àwọn tó ti ń fojú rere wo ara wọn tẹ́lẹ̀ jèrè díẹ̀. Àwọn tí kò ka ara wọn sí, tí a torí wọn po oògùn náà, inú wọn tún bàjẹ́ ju ti àwọn tí kò sọ ọ́ lọ. Ọmọ tó mọ̀ pé ẹnu òun ń há, ẹ ní kó fi ẹnu tó ń há náà pariwo pé kò sí ẹni tó dà bí òun. Ó kúkú ti mọ̀ pé kò sí.

Ní 2014, Eddie Brummelman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí mìíràn jáde láti ilẹ̀ Netherlands. Ọmọ ya àwòrán, wọ́n yìn ín ní àyìnjù. Ọmọ tí kò ka ara rẹ̀ sí wá ń sá fún iṣẹ́ tó le. Bí oyin bá pọ̀ jù, ó ń sú ni.

4. Àmọ́ ìjọ Ọlọ́run ni wá, ilé ẹjọ́ onímọ̀ kọ́ ló yẹ ká ti parí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣí Bíbélì, èyí tí gbogbo rẹ̀ ti wà ní Yorùbá láti 1884.

Gídíónì ń pa ọkà níbi ìfúntí. Ọlọ́run rán an níṣẹ́, Gídíónì ní tálákà ni ìdílé òun, òun sì ni ẹni ìkẹyìn nílé baba òun. Ẹ wo ìdáhùn Olúwa nínú Onídàájọ́ 6:16. Ṣé ó ní, "Rárá o, Gídíónì, ìwọ kọ́ ni ẹni ìkẹyìn, o ṣe pàtàkì"? Ó ní, "Nítòótọ́ èmi ó wà pẹ̀lú rẹ." Ẹnì kan nínú yín á sọ pé áńgẹ́lì ṣáà pè é ní alágbára ọkùnrin. Ó pè é bẹ́ẹ̀, mi ò jiyàn. Ẹ ka ẹsẹ kejìlá náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wo ohun tó ṣáájú lẹ́nu áńgẹ́lì kó tó pè é ní alágbára: "OLÚWA wà pẹ̀lú rẹ."

Mósè béèrè nínú Ẹ́kísódù 3 pé, "Ta ni èmi?" Ìbéèrè tí ìwé yín fẹ́ dáhùn gan-an nìyẹn. Ọlọ́run kò sọ ẹni tí Mósè jẹ́ fún un. Ó ní, "Nítòótọ́ èmi ó wà pẹ̀lú rẹ." Jeremáyà ní ọmọdé ni òun, òun ò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọlọ́run ní kó má bẹ̀rù, "nítorí èmi wà pẹ̀lú rẹ". Ẹni mẹ́ta, ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àbùkù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdáhùn kan náà. Kò fún ìkankan nínú wọn ní dígí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbé ìwé yín sínú àpótí, mo ka Ẹ́kísódù orí kẹrin fún àwọn ọmọ mi. Mo ka ibi tí Mósè ti ní olóhùn wúwo ni òun, aláhọ́n wúwo. Ọmọkùnrin ọjọ́sí yẹn gbé orí sókè.

"Mà, ṣé Mósè náà ń kólòlò ni?"

Mo ní àwọn kan rò bẹ́ẹ̀; ohun tí Bíbélì sọ ni pé ọ̀rọ̀ ṣòro fún un. Ó ní ṣé Ọlọ́run wá tún ẹnu ẹ̀ ṣe. Mo ní a ò kà á pé ó tún un ṣe, ohun tí a kà ni pé ó ní, "Èmi ó sì wà pẹ̀lú ẹnu rẹ", ó sì fi Áárónì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Ó ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i.

5. Ẹ tún wò ó láti ọ̀dọ̀ ara wa. Ẹ ṣe bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń sọ fún ọmọ Yorùbá pé ó níye lórí kí àwọn òyìnbó tó tẹ̀wé. Ọmọ kúnlẹ̀ láàárọ̀, ìyá àgbà ń kì í: Àbẹ̀kẹ́, Àjíkẹ́, Àkànní. Ẹ tú orúkọ wọ̀nyí wò. Àbẹ̀kẹ́: ẹnì kan bẹ̀bẹ̀ kó tó rí i kẹ́. Àjíkẹ́: ẹnì kan jí, kíkẹ́ ọmọ yìí ló jí sí. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń ṣe é, ọmọ ni wọ́n ń ṣe é fún. Mi ò tíì rí ọmọdé tó dúró síwájú dígí tó ń ki ara rẹ̀ láàárọ̀, a ó ní kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú orí ni. Iyì ọmọ, ẹnu ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ti ń dùn. "Kò mọ̀ mí" tí ọmọ yẹn sọ, ohun tí mo rò pé ó ń sọ nìyẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ ń sá fún oríkì bí ẹni sá fún ejò, wọ́n ní ti ìbọ̀rìṣà ni. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

6. Owó. Ìwé kan jẹ́ 4,500 náírà, méjìlá jẹ́ 54,000. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lábẹ́ òfin láti 2024 jẹ́ 70,000. Ẹ fi tó àwọn òbí létí kí ẹ tó pè é ní ọ̀ranyàn.

7. Ohun tí mo ń béèrè rèé.

Ẹ dá àṣẹ náà dúró títí àwọn olùkọ́ tó ń jókòó ti ọmọ yóò fi ka ìwé méjèèjìlá, tí wọ́n á sì sọ tẹnu wọn. Ẹ dá àkọ́sórí padà lọ́sẹ̀ yìí gan-an, ìyẹn kò gba ìpàdé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dúdú lórí funfun pé olùkọ́ tó bá pe ọmọ ní olódo, tàbí tó fi àwọ̀, ìrìn tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, yóò kúrò ní kíláàsì. Kí ẹ kọ́kọ́ fi èmi sí ara àwọn tó máa fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ ká ṣe ìwé tiwa. Àwọn ọmọ tó mọ àwòrán yà kún Adó àti Ìkéré, tó jẹ́ pé pátákó ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń kùn. Mo ti ní ìtàn méjì lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ ni mo fi ń ta yín lọ́rẹ.

Ọ̀kan ni ti ológoṣẹ́. Mátíù ní méjì ni wọ́n ń tà ní owó idẹ kan. Lúùkù ní márùn-ún ni wọ́n ń tà ní méjì. Ọmọ ọlọ́jà èyíkéyìí ní Ìkéré lè ṣírò rẹ̀: ẹyẹ karùn-ún, èènì ni! Wọ́n fi í lé ọjà lórí lásán ni. Olúwa sì ní Ọlọ́run kò gbàgbé ọ̀kan nínú wọn. Ẹ ya ìyá kan sórí àpótí rẹ̀ lọ́jà, ẹ ya ọwọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń fi ẹyẹ karùn-ún yẹn lé e, kí ọmọ wò ó dáadáa. Mi ò rò pé ẹ nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Èkejì ni ti Àjàyí. Ní 1821 wọ́n kó ìlú Òṣogùn, wọ́n kó ọmọ náà lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà pé wọ́n fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ẹṣin náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn mọ́, wọ́n dá ọmọ padà bí ẹni dá ọjà tí kò dáa padà. Ẹ lè ya ojú ọmọ yẹn? Àwọn ọmọ ogun ojú omi Bírítéènì gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní oṣù kẹrin 1822. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù, Samuel Ajayi Crowther, òun náà ló sì ṣíwájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì tí à ń kà yìí. Kò sí ibi tí Àjàyí ti pariwo pé òun ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí, ọmọ tó bá sì gbọ́ ọ kò ní béèrè bóyá ó ṣe pàtàkì.

Ìpàdé àwọn olùkọ́ bọ́ sí Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀. Màá wà níbẹ̀, màá mú ìwé náà dání, ojú ewé kẹsàn-án. Ọmọkùnrin yẹn ní òun fẹ́ bá mi wá, ìyá rẹ̀ àgbà sì ti gbà. Ó ti kọ́ Ẹ́kísódù 4:12 sórí. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó kà á tán, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ètò.

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Olùkọ́ kíláàsì àwọn ọmọdé,
Ìkéré-Èkìtì.